Pèrègún Tó Rìn Dé Oko

"Méje," ni Rísíkátù wí jẹ́jẹ́, ó sì fi báírò kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé lé orúnkún. "Rárá o. Mẹ́jọ ni. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ewé."

Orí àpótí ló jókòó sí lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ìlobù, ní òwúrọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ọdún 1986. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ sì ti mu gbogbo rẹ̀ tán. Níwájú rẹ̀ ni òdòdó pupa ìyá rẹ̀ wà, igi mẹ́rìnlá tó ga ju ènìyàn lọ, tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lára òdòdó náà ni àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ti ń mu omi dídùn. Wọn kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Àyà àwọn akọ ń dán bí epo tó dà sójú omi. Ẹnu wọn gùn, ó tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Rísíkátù ti bèèrè orúkọ wọn títí. Àwọn àgbà kan ní ẹyẹ òdòdó ni, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ sọ wọ́n ní Ẹlẹ́nu-abẹ́rẹ́.

Ó ti di ọdún kẹta tó ti ń ka wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá tó ń kọ́ wọn ní bàólọ́jì ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù wọn mú ohun kan tó máa ń wá tó sì máa ń lọ, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan mú òṣùpá, àwọn kan mú ìjàlọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo wọn fi ṣe é, ó sì sú wọn. Kò sú Rísíkátù, nítorí ìbéèrè kan ti há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni àwọn ẹyẹ náà ń dé. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a máa jẹun bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ṣáá, gbogbo wọn a lọ. Kí ló ń lé wọn? Ṣé òjò ni, àbí òdòdó tó ń tán? Lọ́dún 1984, òjò ńlá rọ̀ kí wọ́n tó lọ, òdòdó sì wà nílẹ̀. Lọ́dún 1985, òdòdó tán, wọ́n lọ, òjò kò tíì dé. Ọdún yìí ni yóò parí àríyànjiyàn náà.

Òfin olùkọ́ náà kò pọ̀. "Báírò ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Tí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tó wù yín kó ṣẹlẹ̀."

Rísíkátù ṣí ojú-ìwé tuntun, ó yíjú sí igun ẹ̀yìnkùlé. Pèrègún àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ó nípọn tó itan ọmọdé. Apá mẹ́ta ló ní, àdá ti gé ọ̀kan lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ojú ibi tí wọ́n gé sì ti kó èépá. Ní ṣóńṣó apá kan ni Ẹlẹ́nu-abẹ́rẹ́ kan so ìtẹ́ rẹ̀ rọ̀ sí bí àpò kékeré. Koríko gbígbẹ àti òwú aláǹtakùn ló fi ṣe é, ó sì wá fi fọ́nrán òwú pupa tó ṣà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá Rísíkátù dì í yíká. Rísíkátù ya gbogbo rẹ̀: apá mẹ́ta, ojú ọgbẹ́, ìtẹ́, òwú.

Ìyá rẹ̀, Màríámọ̀, yọjú láti ẹnu ọ̀nà, téèpù tó fi ń wọn aṣọ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. "Ìyá Ẹyẹ, ṣé àwọn ọmọ rẹ jí ire? Omi tí mo ní kó o gbé kaná ńkọ́? Ṣé àwọn ni yóò bá ọ gbé e ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè wọ́n wá. Òdòdó ta ni wọ́n ń jẹ?"

Òótọ́ ni. Kùmásì ni òdòdó náà ti wá. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún 1969, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni Màríámọ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó fi ẹní àti àwo sílẹ̀. Ó ru orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì fi àkísà tútù wé ọ̀pá òdòdó mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dé Ìlobù, mẹ́ta ti kú. Èyí tó kù ló di mẹ́rìnlá.

*

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, Rísíkátù jáde sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, kò sì rí pèrègún mọ́.

Kò kọ́kọ́ mọ ohun tó yí padà. Ó kàn rí i pé igun náà mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó súnmọ́ ọn, ó rí eérú àti ilẹ̀ gbígbá tí wọ́n dà jọ síbi tí ìdí igi náà wà.

Bàdírù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá ìkòkò omi. Òun ni olórí ẹbí. Láti ìgbà tí bàbá Rísíkátù ti kú, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Rísíkátù dúró kó ṣe tán, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gé pèrègún?"

"Pèrègún wo?" Bàdírù nu ojú rẹ̀. "Áà, ìyẹn. Ejò ló ń sá sínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gé e dànù."

"Ejò, Bàbá?"

"Ejò. Àbí o fẹ́ kó bù ọ́ jẹ nídìí ẹyẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Rísíkátù wo ilẹ̀ yíká. Ẹni tó bá gé igi dànù a máa fi ewé sílẹ̀, a máa fi èèpo sílẹ̀. Kò rí ewé kan ṣoṣo. Ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán tó yà: *Pèrègún kò sí mọ́. Wọ́n da eérú bo ìdí rẹ̀. Kò sí ewé nílẹ̀. Bàbá ní ejò ni. N kò rí ejò.*

*

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, Jùmọ̀kẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré ní kíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ Rísíkátù ló máa ń jókòó sí. Ọmọ Ìfọ́n ni, àmọ́ Ìlobù ló ti ń kàwé. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti ọ̀kan yóò dé èkejì kí òógùn tó bò ó.

"Ta ló kú?" ni Rísíkátù bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú. Bàbá mi àgbà lọ sóko ẹ̀gẹ́ níjẹta, wọ́n bá pèrègún ńlá kan láàrin ẹ̀gẹ́. Láàrin ẹ̀gẹ́, mo wí fún ọ! Bí ìgbà tó o jí, tó o bá àlejò nínú yàrá rẹ, tó ní òun ló nilé."

"Pèrègún?"

"Lọ́jọ́ kejì ni olórí ẹbí yín ránṣẹ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni bàbá àwọn fi ṣe ààlà láyé àtijọ́, gbogbo ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé odò, tàwọn ni. Bàbá mi àgbà kò jẹun láti ìgbà yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ wà, Rísíkátù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí owó ilé-ìwé mi."

Rísíkátù yíjú sí i. "Apá mélòó ló ní?"

"Kí ni?"

"Pèrègún yẹn."

"Mẹ́ta. Wọ́n ti gé ọ̀kan. Kí ló dé tí o ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí ilé-ìwé parí, àwọn méjèèjì gba ọ̀nà oko. Rísíkátù kò ní kí wọ́n fi igi náà hàn án. Ó ti dá a mọ̀ lókèèrè, bí ènìyàn ṣe ń dá ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ lọ́jà. Ojú ọgbẹ́ nìyẹn. Wọ́n ti já ìtẹ́ náà sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó já a kò wo fínnífínní. Fọ́nrán òwú pupa kan ṣì wé mọ́ ṣóńṣó apá náà.

Ó na ọwọ́ sí i. Jùmọ̀kẹ́ sáré gbá ọwọ́ náà dànù.

"Ṣé orí rẹ pé? Ẹni kan kì í fa pèrègún ààlà! Ilẹ̀ á bá onítọ̀hún jà. Bàbá mi àgbà gan-an ò fọwọ́ kàn án. Ká tilẹ̀ ní wọ́n fà á tu, kí lo rò pé àwọn èèyàn yín máa sọ? Wọ́n á ní ará Ìfọ́n wú ààlà ará Ìlobù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìjà ilé méjì ti di ti ìlú méjì."

Rísíkátù fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Àlọ́ náà ti já. Ẹni tó gbé igi yìí wá mọ gbogbo ohun tí Jùmọ̀kẹ́ ń sọ. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn ni gbòǹgbò tó fi gbìn ín.

*

Ògiri ilé ẹbí kì í pa àṣírí mọ́. Rísíkátù kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ju ìyá rẹ̀ lọ, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, Bàdírù fúnra rẹ̀ wá sí yàrá wọn. Ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Rísíkátù ọmọ mi. Jókòó, jókòó, má kúnlẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo ọmọ ilé yìí, ìwọ lorí rẹ pé jù. Jàlálù tí mo bí, bọ́ọ̀lù ló mọ̀. Mo ti rò ó. Tó o bá jáde ìwé mẹ́wàá, yunifásítì ni. Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, èyí tó bá wù ọ́. Èmi Bàdírù ni màá rán ọ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Mo gbọ́ pé o ní ìwé kan."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ìwé ẹyẹ ni, Bàbá."

"Ẹyẹ dára. Kọ ẹyẹ. Àmọ́ pèrègún kì í ṣe ẹyẹ. Ojú-ìwé kan péré ni, ọmọ mi. Ya á kúrò, fi dáná. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn àgbà ń bọ̀ wá wo ààlà, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ wérewère." Ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Má gbàgbé ibi tí ìyá rẹ ń gbé orí lé sùn."

Nígbà tó lọ, Màríámọ̀ kò wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ya á," ni ó wí. "Jọ̀ọ́. Níbo la fẹ́ lọ? Yunifásítì, Rísíkátù. Ta ló tún máa rán ọ lọ?"

Ẹ má ṣe rò pé kò wù ú. Ó wù ú. Ó ti ń fojú inú wo ara rẹ̀ níwájú yàrá ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹyẹ nìkan, tí ẹnì kankan kò ní pè é ní Ìyá Ẹyẹ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú bíléèdì tí ìyá rẹ̀ fi ń tú aṣọ, ó ṣí ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ojú-ìwé náà láti òkè.

Nígbà náà ló rí ohun kan. Bó ṣe ń fa ojú-ìwé náà, ojú-ìwé mìíràn ń mì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó dáwọ́ dúró. Ó fà á díẹ̀ sí i. Èkejì tún mì. Takàdá kan náà ni wọ́n, tí wọ́n ká sí méjì, tí wọ́n fi wáyà há mọ́ àárín. Ó ṣí èyí tó ń mì náà. Ojú-ìwé ọdún 1984 ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kọ *Ẹlẹ́nu-abẹ́rẹ́* sílẹ̀, tó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Rísíkátù bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ wá wò ó, Ìyá mi. Tí mo bá ya ti ọdún yìí, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ á tú. Kò sí bí mo ṣe lè purọ́ lẹ́yìn ìwé yìí kí iwájú rẹ̀ má mọ̀."

Màríámọ̀ gba ìwé náà, ó fa ojú-ìwé kan, ó wo èkejì tó ń mì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá jókòó, ó sì tẹ orí ba tó bẹ́ẹ̀ tí Rísíkátù fi rò pé ó ń sunkún.

Kò sunkún. "Ní Kùmásì," ni ó wí, "wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ní, 'Ìwé rẹ dà?' N ò ní ìwé. Ìdí tí mo fi sá nìyẹn. Mo ti sá kúrò níbì kan rí nítorí n ò ní ìwé. Wàyí o, ọmọ mi ní ìwé. N ò ní sá nítorí pé mo ní i. Gbé bíléèdì mi sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà kú."

*

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Bàdírù bèèrè ìwé náà lẹ́yìnkùlé. Rísíkátù kúnlẹ̀.

"N ò ya á, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún, n ò lè kúnlẹ̀ fún irọ́."

Bàdírù já ìwé náà gbà. Ó wá ojú-ìwé náà títí ó fi rí i, ó fà á ya, ó sì jù ú sínú iná tí ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Ó wọlé, ó gbé àdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ òdòdó. Ìkíní. Ìkejì. Màríámọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ó di ọmọ rẹ̀ mú. Àwọn ẹyẹ fò sókè, wọ́n ń ké ṣíṣí, ṣíṣí lórí ògiri. Nígbà tí Bàdírù bẹ́ ìkẹrìnlá, òógùn bò ó.

"Ó yá," ni ó wí. "Máa kọ ẹyẹ lọ."

Ó ju ìwé náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Rísíkátù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ojú-ìwé ọdún 1984 ti rọ̀ jáde, kò sí ohun tó dì í mú mọ́.

*

Ní Ọjọ́ Àìkú, àgbà márùn-ún ló wá sóko, àwọn kan láti Ìlobù, àwọn kan láti Ìfọ́n. Bàbá Oyèdèjì, tó dàgbà jù nínú wọn, ló jókòó sórí àga. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ sì rọ̀ bí iyán. Oyèwùmí, bàbá àgbà Jùmọ̀kẹ́, dúró láàrin ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Jùmọ̀kẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàdírù sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní bàbá òun ló gbin pèrègún náà, ó ti lé ní ogójì ọdún, òun ṣì kéré nígbà náà, òun ló sì bá wọn bu omi.

"Oyèwùmí, kí lo rí sí i?" ni Bàbá Oyèdèjì bi í.

"Ibi tí mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyí. N ò rí pèrègún yìí rí. Àfi bí mo bá fọ́jú."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Bàbá Oyèdèjì mí kanlẹ̀. "Ojú àgbà lè tàn án. Ṣùgbọ́n pèrègún kì í rìn. Ibi tí a bá ti bá a..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi."

Gbogbo wọn yíjú. Rísíkátù ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta lọmọ yìí?" ni àgbà kan bèèrè. "Ṣé obìnrin àti ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ báyìí?"

"Ọmọ àbúrò mi ni," ni Bàdírù wí. "Ẹ má dá a lóhùn! Ẹyẹ ló ń kà láàárọ̀ dalẹ́. Ẹyẹ ti gbé orí rẹ̀ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rísíkátù dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Pèrègún yìí rìn, Bàbá. Lẹ́yìnkùlé wa ló wà títí di bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ya á sínú ìwé mi. Ẹyẹ kọ́lé sórí rẹ̀. Òwú pupa tí ẹyẹ náà fi kọ́lé ṣì wà ní ṣóńṣó apá yẹn, ti ẹ̀rọ ìyá mi ni."

"Ṣí i, ká rí i," ni Bàdírù wí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ọ́ tán. "Àwòrán dà? Fi hàn wọ́n!"

Rísíkátù ṣí ìwé náà. Eteetí tó ya nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé ojú-ìwé tó rọ̀ sókè. "Wọ́n ti ya á. Èkejì rẹ̀ nìyí, òun ló ń jẹ́rìí pé ohun kan wà níbẹ̀."

"Ìwé tó ya!" Bàdírù pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ẹlẹ́rìí! Òwú ńkọ́? Atẹ́gùn kì í gbé òwú ni?"

Àgbà kan mi orí. Bàbá Oyèdèjì ti fẹ́ dìde. Rísíkátù rí Jùmọ̀kẹ́, ó rí bó ṣe di etí aṣọ bàbá rẹ̀ àgbà mú. Ó mọ̀ pé bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá dìde tán, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn, àti pé gbogbo ìgbà tí òun bá rí ọ̀rẹ́ òun ní kíláàsì ni yóò máa rántí ohun tí òun mọ̀ tí òun kò ṣe.

Ó dìde. Ó nu ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀.

"Ìwé ti ya, Bàbá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n igi tó ti wà nílẹ̀ fún ogójì ọdún, ọwọ́ ọmọbìnrin kan ò lè tu ú."

Ó sì rìn lọ sídìí pèrègún.

"Má fọwọ́ kàn án!" Ẹnu mẹ́ta ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọmọ yìí, má fa ègún wọlé!" Bàdírù sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀. Rísíkátù bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀. Màríámọ̀ ń wò ó. Ó mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan pé kó ṣe é, bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ ti ṣe tán.

Rísíkátù di igi náà mú, ó fà á.

Ó jáde wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ènìyàn fa ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òjò. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí Rísíkátù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Àdá ló gé e pẹlẹbẹ. Gbòǹgbò funfun bíi mélòó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára rẹ̀, wọn kò gùn ju irun imú ológbò lọ.

Àwọn àgbà sún mọ́ ọn, wọ́n ń wo ìdí igi náà.

"Gbòǹgbò rẹ̀ àtijọ́ wà lẹ́yìnkùlé wa, lábẹ́ eérú," ni Rísíkátù wí. "Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ hú u. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ bá mi jà, kó kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mo fà tu. Kì í ṣe ààlà ni mo fà. Irọ́ ni."

Bàbá Oyèdèjì gba igi náà. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí wọ́n gé, ó wo òwú pupa tó wà lókè, ó sì gbé e fún Bàdírù tó ṣì wà nínú ẹrẹ̀.

"Bàdírù, ó ti rẹ pèrègún rẹ. Ìrìn rẹ̀ pọ̀. Gbé e padà sílé."

*

Òtítọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹrù Màríámọ̀ ti wà níta. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ yunifásítì. Ní ilé-ìwé, àwọn kan ń pe Rísíkátù ní ọ̀dàlẹ̀ tó ta ilé bàbá rẹ̀ fún ará Ìfọ́n. Ó bi wọ́n léèrè pé èló ni òun tà á, nítorí pé òun kò tíì rí owó náà gbà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi jáde.

Oyèwùmí wá fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá máa gbé yàrá kan ní Ìfọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Màríámọ̀ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì kọ̀ ọ́. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Tí a bá gbà á, wọ́n á ní ẹ rà wá ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí mọ́ bó ṣe mọ́." Yàrá kan ni wọ́n gbà lọ́dọ̀ Ìyá Sàrátù, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Òṣogbo. Kí wọ́n tó kúrò lẹ́yìnkùlé Bàdírù, Màríámọ̀ ṣà lára ọ̀pá òdòdó tí àdá bẹ́ sílẹ̀, ó fi àkísà tútù wé wọn. Mẹ́rin ni.

Rísíkátù pàdé Bàdírù lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà mọ́sálásí. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Bàdírù gbé ojú kúrò, ó kọjá lọ. Rísíkátù dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá ní kó mú ìwé náà wá. Ó wo ibi tó ya títí. "O ṣì rántí ohun tó wà níbẹ̀. Kí ló dé tí o kò tún un kọ?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, sà. Yíya yẹn náà ṣẹlẹ̀."

Lábẹ́ ibẹ̀ ni ó ti kọ ìdáhùn ọdún náà: *1986. N kò mọ̀ bóyá òjò ni tàbí òdòdó. Àdá ló lé wọn. Ọdún yìí kò ṣeé kà. Màá tún bẹ̀rẹ̀.*

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó lágbára lè ya ìwé, ó lè bẹ́ òdòdó, ó lè lé ènìyàn kúrò nílé, kò sì lè ya ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àgbà ni àgbà, ìkúnlẹ̀ la fi ń kí i. Ṣùgbọ́n lórí ìkúnlẹ̀ náà, a lè wo ojú rẹ̀ kí a sọ òótọ́, bí ó bá sì di dandan, a lè dìde.

Ní oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Nínú ọ̀pá mẹ́rin tí Màríámọ̀ gbìn sẹ́yìn yàrá Ìyá Sàrátù, méjì ti kú. Lórí ọ̀kan nínú méjì tó kù, òdòdó pupa kan ṣoṣo ti là. Rísíkátù jókòó sórí àpótí, ó ṣí ìwé tuntun, ó fa ìlà sábẹ́ ọdún tó kọ sókè rẹ̀. Ohun kékeré kan já wálẹ̀ láti òkè ògiri, ó rà bàbà díẹ̀, ó sì ti ẹnu bí abẹ́rẹ́ bọ inú òdòdó náà.

"Ọ̀kan," ni Rísíkátù wí, ó sì fi báírò kọ ọ́.